Ọjọ́ Ìdìbò ní Àgọ́ Wa: Àwọn Ìbéèrè Tí Àwọn Ará Àdúgbò Ń Bèèrè Jù

Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn máa ń gbé wá. A ti kó wọn jọ síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó. Òfin Ètò Ìdìbò ọdún 2022 àti bí àjọ elétò ìdìbò, INEC, ṣe lò ó nínú ìdìbò ọdún 2023 ni a gbé ìdáhùn wa kà. Ohun tí òfin yẹn wí nígbà náà ni ẹ máa kà níbí, nítorí náà ẹ bi INEC bóyá nǹkan kan ti yí padà kí ẹ tó gbára lé e.

Ta ló lè dìbò?

Ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọmọ ọdún 18, tó ti forúkọ sílẹ̀, tí káàdì ìdìbò alálòpẹ́ rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní PVC, sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé pélébé tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ tí ẹ forúkọ sílẹ̀ kò ṣe é fi dìbò. Ẹ̀dà káàdì kò ṣe é fi dìbò, àwòrán rẹ̀ inú fóònù kò ṣe é fi dìbò, bẹ́ẹ̀ ni NIN àti ìwé ìrìnnà kò lè dípò rẹ̀.

Òfin ọdún 2022 kò fàyè gba ìdìbò láti òkè òkun. Bákan náà, kò sí pé ẹnì kan bá ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn mú káàdì lọ. Káàdì oníkáàdì kò dùn ún lò: ẹni tó bá rà á tàbí tó tà á lè san 500,000 náírà, ó lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì, ilé ẹjọ́ sì lè pa méjèèjì pọ̀ fún un.

Àgọ́ wo ni màá ti dìbò, báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ ọ́n?

Àgọ́ tí orúkọ yín wà nínú ìwé rẹ̀ nìkan ni. Bí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ ní Òṣogbo tí ẹ ti kó lọ sí Ìkòròdú, tí ẹ kò sì gbé orúkọ yín kúrò, Òṣogbo ni ẹ máa padà sí lọ́jọ́ náà.

Nọ́ńbà àgọ́ wà lára káàdì. Ọ̀nà mẹ́rin ló pín sí: ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù àti àgọ́ fúnra rẹ̀. Èkìtì ni 13, Kwara ni 23, Èkó ni 24, Ògùn ni 27, Oǹdó ni 28, Ọ̀ṣun ni 29, Ọ̀yọ́ sì ni 30. Ẹni tó bá mọ èyí kà kò ní máa bi gbogbo ọlọ́jà léèrè lójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé káàdì nìkan. Lọ́dún 2021, INEC fi kún iye àgọ́ láti nǹkan bíi 120,000 sí 176,846, kí èrò má baà pọ̀ jù lójú kan, wọ́n sì kó àwọn olùdìbò kan lọ sí àgọ́ tuntun. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀ títí tí wọ́n fi débẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò 2023 tí wọn kò rí orúkọ wọn. Ẹ yẹ orúkọ yín wò lójú òpó INEC ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí ẹ sì fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan kí ẹ mọ ọ̀nà.

Mo ti kó kúrò ládùúgbò, tàbí káàdì mi ti sọnù. Ṣé ó ti pẹ́ jù?

Òfin 2022 fún yín ní gbèdéke: ó kéré tán, 90 ọjọ́ gbọ́dọ̀ kù kí ọjọ́ ìdìbò tó dé nígbà tí ẹ bá béèrè káàdì mìíràn. INEC kì í sì í forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ mọ́ láàárín 90 ọjọ́ yẹn. Ọ́fíìsì INEC tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín ni ẹ ó lọ. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni; ọ̀fẹ́ ni.

Aago mélòó ni ìdìbò ń bẹ̀rẹ̀, kí ni kí n sì mú dání?

Aago 8:30 àárọ̀ ni, ó sì ń parí ní aago 2:30 ọ̀sán. Ẹni tó bá ti wà lórí ìlà kí aago 2:30 tó lù gbọ́dọ̀ dìbò, bó tilẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ kó tó kàn án. Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ nítorí pé àkókò ti tó, ẹ dúró lójú ìlà yín, kí ẹ sì fi pẹ̀lẹ́tù rán wọn létí òfin yìí.

Káàdì, omi, agboòrùn àti àpótí ìjókòó kékeré tó. Ọ̀pọ̀ àgọ́ wa, abẹ́ igi tàbí ìta gbangba níwájú ilé ẹ̀kọ́ ni. Oòrùn kì í ṣeré. Ọlọ́pàá a sì máa ka mọ́tò àti ọ̀kadà léèwọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí náà ẹni tí àgọ́ rẹ̀ jìn ní láti tètè fẹsẹ̀ kúrò nílé. Oògùn tí ẹ ń lò déédéé, ẹ mú un dání pẹ̀lú.

Tí mo bá dé àgọ́, kí ni màá ṣe lẹ́sẹẹsẹ?

Ẹ tò. Ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹ máa bá níbẹ̀, àgùnbánirọ̀ ni wọ́n. Wọ́n á kọ́kọ́ wo káàdì yín bóyá àgọ́ yẹn ni ti yín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ BVAS á yẹ ìka tàbí ojú yín wò. Bó bá gbà, òṣìṣẹ́ mìíràn á wá orúkọ yín nínú ìwé, á sàmì sí i, á sì fi tàdáwà tí kì í tètè ṣí sí yín léèékánná.

Olórí àgọ́ ló ń fúnni ní ìwé ìdìbò. Ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé náà kó sì buwọ́ lù ú níṣojú yín. Ìwé tí kò ní àmì yìí, wọn kò ní kà á, bó ti wù kí ẹ tẹ̀ka sí i dáadáa tó. Bó bá gbàgbé, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ ìdìbò ààrẹ, ìwé mẹ́ta lẹ máa gbà: ti ààrẹ, ti sẹ́nétọ̀ àti ti ilé aṣojú-ṣòfin. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ fi oníkálukú sínú àpótí tirẹ̀.

BVAS kò gba ìka mi. Ṣé mo ti pàdánù nìyẹn?

Rárá. Bí ìka bá kọ̀, ojú ni wọ́n máa yà. Ìgbà tí méjèèjì bá kọ̀ nìkan ni ẹ kò ní lè dìbò, nítorí òfin kò fàyè gba kíkọ orúkọ sínú fọ́ọ̀mù láti fi dípò ẹ̀rọ bíi ti ìgbà tí wọ́n ń lo ẹ̀rọ tó ń ka káàdì.

Ohun tó máa ń mú kí ẹ̀rọ kọ ìka kò ṣàjèjì sí wa. Ìka agbẹ̀, bíríkìlà àti àwọn tó ń gé ẹ̀gẹ́ máa ń jẹ débi pé ilà rẹ̀ fẹ́ẹ̀ má hàn mọ́. Òróró mẹkáníìkì máa ń dí i. Làálì ìyàwó tuntun máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ní àárọ̀, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì gbìyànjú ìka mìíràn bí ọ̀kan bá kọ̀.

Tó bá kan ojú, ẹ kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn yín, dúdú ni ojú yín máa rí nínú ẹ̀rọ. Ẹ bọ́ dígí ojú, ẹ sún gèlè tàbí fìlà sókè kúrò níwájú orí. Arábìnrin tó ń lo ìbòjú lè ní kí òṣìṣẹ́ obìnrin yẹ òun wò níbi kọ́lọ́fín.

Báwo ni mo ṣe máa tẹ̀ka tí ìbò mi kò fi ní di òfo?

A máa dúró díẹ̀ lórí èyí. Nínú ìdìbò ààrẹ ọdún 2023, ìbò 939,278 ni wọn kò kà nítorí pé kò péye. Ó fẹ́ẹ̀ pé mílíọ̀nù kan èèyàn tí oòrùn pa lórí ìlà, tí wọ́n gba ìwé, tí wọ́n tẹ̀ka, tí wọ́n padà sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé àwọn ti dìbò. Kì í ṣe jàǹdùkú ló gba ti ọ̀pọ̀ wọn. Ìka ló yà.

Ìka èyíkéyìí lẹ lè lò. Ẹ fi kan tàdáwà fẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá pọ̀ jù yóò ṣàn. Ẹ wá àmì ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì tẹ̀ka sí àárín àyè òfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìka tó bọ́ sórí ilà láàárín ẹgbẹ́ méjì, òfo ni. Ìka tí ẹ tẹ̀ sí ẹgbẹ́ méjì, òfo ni. Ẹ má kọ orúkọ yín, ẹ má kọ àdúrà, ẹ má sàmì kankan tí wọ́n lè fi dá yín mọ̀ sí i.

Kíká rẹ̀ ló wá ń ba ti àwọn mìíràn jẹ́. Bí àwọn ẹgbẹ́ bá tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ẹ sì ṣẹ́ ìwé náà po láti òkè sí ìsàlẹ̀, tàdáwà tó tutù yóò lẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn tó wà nísàlẹ̀. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ díẹ̀, kí ẹ wá kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ po ní gígùn, apá ọ̀tún lé apá òsì. Bó bá tiẹ̀ wá lẹ̀, orí ilà ẹgbẹ́ kan náà ló máa lẹ̀ sí. Ẹ lè fi ìwé lásán kọ́ ìyá àgbà nílé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní gbà yín.

Mo ti ṣi ìka tẹ̀. Ṣé wọ́n lè fún mi ní ìwé mìíràn?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí kò bá tíì wọ inú àpótí. Ẹ mú un padà fún olórí àgọ́, yóò fagi lé e, yóò sì fún yín ní òmíràn. Tó bá ti wọ àpótí, ó parí.

Àwọn àgbàlagbà, aláboyún àti àwọn aláàbọ̀ ara ńkọ́?

Wọn kò gbọ́dọ̀ pẹ́ lórí ìlà. Ìlànà INEC ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn aláàbọ̀ ara, aláboyún, ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ àti arúgbó kọ́kọ́ dìbò. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè jókòó síbẹ̀ títí, torí náà ẹni tó bá mú wọn wá ni kó lọ bá òṣìṣẹ́ tó ń tò èèyàn.

Ẹni tí kò ríran, tàbí tí kò lè dá tẹ̀ka, lè mú ẹnì kan tí òun fúnra rẹ̀ yàn wọ ibi ìtẹ̀ka. Òun ló ń yàn án. Aṣojú ẹgbẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ fà á lọ́wọ́ wọlé pé òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ náà kò sì gbọ́dọ̀ bá a yan ẹgbẹ́.

Ṣé mo lè mú fóònù lọ?

Ẹ lè mú un dé àgọ́. Ẹ kò gbọ́dọ̀ mú un wọ ibi ìtẹ̀ka. Àwọn tó ń fowó ra ìbò ni wọ́n ń béèrè àwòrán ìwé tí ẹ tẹ̀ka sí kí wọ́n tó sanwó, ìdí nìyẹn tí INEC fi kà á léèwọ̀. Ẹ fún ọmọ tàbí aládùúgbò tó wà lẹ́yìn yín mú, kí ẹ tó wọlé.

Wọ́n ń pín owó ní àgọ́ wa. «Dìbò kóo sebẹ̀» ni wọ́n ń pè é. Kí ni òfin wí?

Ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni. Òfin 2022 ní kí wọ́n san tó 500,000 náírà, tàbí kí wọ́n ṣẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì. Ọlọ́pàá àti EFCC ti ń mú èèyàn lórí ẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò.

A mọ̀ pé ebi wà nílùú, a kò sì ní bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní 5,000 náírà fún ọdún mẹ́rin, ọjọ́ 1,461 nìyẹn. Náírà mẹ́ta àti díẹ̀ ló bọ́ sí lóòjọ́. Kò ra ata rodo kan.

Bí ẹ̀rù bá ń bà yín pé wọ́n máa mọ ẹni tí ẹ dìbò fún, ẹ ṣẹ́ ìwé yín po kí ẹ tó jáde níbi ìtẹ̀ka. Ẹ má fi han ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọkọ yín. Kò sí orúkọ yín lára rẹ̀, kò sì sí ọ̀nà tí ẹnì kan lè gbà mọ̀ ọ́n.

Ṣé mo lè wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ?

Ó tì. Láàárín 300 mítà sí àgọ́, aṣọ ẹgbẹ́, fìlà ẹgbẹ́, ariwo ẹgbẹ́ àti bíbẹ èèyàn fún ìbò, èèwọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ìpolongo ti gbọ́dọ̀ parí ní wákàtí 24 ṣáájú ọjọ́ ìdìbò.

Òṣìṣẹ́ kò tètè dé, tàbí BVAS bàjẹ́. Kí ni ká ṣe?

Ohun tó máa ń fa ìpẹ́ jùlọ ni ọkọ̀. Láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni ẹrù ti ń lọ sí ibùdó ní wọ́ọ̀dù, níbẹ̀ ni àwọn àgùnbánirọ̀ ń sùn mọ́jú. Bí awakọ̀ kò bá dé ní àárọ̀, gbogbo àgọ́ tó wà ní wọ́ọ̀dù yẹn ló máa pẹ́. Ẹ má tú ká. Ẹ kọ orúkọ sílẹ̀ bí ẹ ṣe dé kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀ lórí ìlà, kí ẹ sì pe ọ́fíìsì INEC.

Tí BVAS bá kú, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé òmíràn wá. Wọn kò gbọ́dọ̀ fi ìwé lásán yẹ yín wò. Bí wọn kò bá rí òmíràn, òfin ní kí wọ́n fagi lé ìdìbò àgọ́ náà, kí wọ́n sì ṣe òmíràn láàárín wákàtí 24, bí INEC bá rí i pé ìbò àgọ́ náà lè yí àbájáde padà.

Tí jàǹdùkú bá dé ńkọ́?

Ẹ̀mí ló ṣáájú. Ẹ má bá wọn du àpótí. Ẹ kó àwọn àgbà àti ọmọdé sẹ́yìn, kí ẹ sì pe ọlọ́pàá. Ẹni tó bá já àpótí gbà ń wá ẹ̀wọ̀n oṣù 24.

Èyí tí àwọn èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni pé rírọ́ ìwé sínú àpótí lè pa ìbò tiyín náà. BVAS ń ka iye ẹni tó yẹ̀ wò. Bí ìbò inú àpótí bá ju iye yẹn lọ, òfin ní kí wọ́n fagi lé gbogbo àbájáde àgọ́ náà. Igba èèyàn á tò, ẹnì kan á rọ́ ìwé ọgbọ̀n sínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di òfo. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n fà dé ilé ẹjọ́ lẹ́yìn ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun ti ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2022, kò sì parí títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ní ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ «nítorí ẹgbẹ́ wa», ẹ dá a lẹ́kun.

Ṣé mo lè dúró wo bí wọ́n ṣe ń kà á?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá dúró jẹ́ẹ́ lókèèrè díẹ̀. Gbangba ni wọ́n ń ka ìbò, ní àgọ́ yẹn náà. Ẹ gbọ́ iye ẹni tí BVAS yẹ̀ wò. Ẹ gbọ́ iye ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti iye tó di òfo. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Fọ́ọ̀mù EC8A ni wọ́n ń kọ àbájáde àgọ́ sí, olórí àgọ́ àti àwọn aṣojú ẹgbẹ́ sì ń buwọ́ lù ú. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ lẹ ẹ̀dà kan tí wọ́n ń pè ní EC60E mọ́ ibi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ya àwòrán. Ẹ rí i pé nọ́ńbà àgọ́, òǹtẹ̀ àti gbogbo iye hàn ketekete. Àwòrán tí òjìji orí bò kò wúlò.

Kí ni IReV, ṣé a lè gbára lé e?

Òpó INEC ni, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wo àwòrán EC8A. Lóru ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, ti ààrẹ kò tètè jáde níbẹ̀, ó sì dun ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé IReV kì í ṣe ibi àkójọpọ̀ ìbò. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún yín ni pé ìwé tó wà ní àgọ́ ló ṣe pàtàkì. Ẹ fi àwòrán tí ẹ yà wé ti orí òpó. Bí iye kan bá yàtọ̀, ẹ fi han aṣojú ẹgbẹ́ àti àwọn alámòójútó ìdìbò kíákíá.

Gọ́tà wa dí, ọ̀nà wa bàjẹ́. Ìdìbò wo ló kàn án?

Ọ̀pọ̀ ìgbà, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni, òun sì ni àwọn èèyàn kì í jáde fún. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi ọjà, ibùdókọ̀, kíkó ìdọ̀tí, ọ̀nà àdúgbò àti gọ́tà sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tún pàṣẹ pé kí owó wọn máa dé ọ̀dọ̀ wọn tààrà.

Kì í ṣe INEC ló ń ṣe ìdìbò yìí bí kò ṣe àjọ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bíi LASIEC ní Èkó. Nítorí náà ọjọ́ rẹ̀ kì í bá ti gómìnà mu. Ẹ fetí sí rédíò ìpínlẹ̀ yín. Kí ìdìbò tó dé, ẹ pe àwọn olùdíje káńsẹ́lọ̀ wá sí ìpàdé àdúgbò, kí ẹ sì dárúkọ gọ́tà náà fún wọn, láti ojúlé báyìí dé ojúlé báyìí. «Ẹ bá wa tún àdúgbò ṣe» kò ṣe é bi ẹnikẹ́ni léèrè lọ́la.

Àgọ́ wa jìn jù, tàbí ilé olóṣèlú ló wà. Ṣé wọ́n lè gbé e?

INEC ti gbé àwọn àgọ́ kan kúrò ní ààfin, ilé àdáni àti ilé ìjọsìn rí. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá INEC ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ ìdìbò, bí ọdún kan ṣáájú. Ẹ kọ nọ́ńbà àgọ́, bó ṣe jìn tó, ohun tó ń dí àwọn èèyàn lọ́wọ́, kí ẹ sì dárúkọ ibi ìtagbangba mìíràn tó ní àyè, bíi ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Kí baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ onílé buwọ́ lù ú. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí.

Ṣé àwa ará àdúgbò lè pe ẹjọ́ lórí àbájáde?

Rárá. Olùdíje tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú tó kópa nìkan ni òfin gbà láyè, ọjọ́ 21 péré ni wọ́n sì ní lẹ́yìn tí wọ́n bá kéde ẹni tó wọlé. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ dájọ́ láàárín 180 ọjọ́.

Ẹ lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Níbẹ̀ ni ìwé kékeré tí ẹ kọ iye sí, àwòrán EC60E àti aago tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ti máa wúlò. Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì fi sí ibi tí omi kò ní kàn án.